Ọmọ Yín Ń Lo Oògùn

Alágbàfọ̀ kan wà tí kò sí àbàwọ́n tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá gbé ẹ̀wù funfun síwájú rẹ̀, tí ẹ ní omi lásán ló dà sí i, á gbé e sún mọ́ fèrèsé, á wò ó fìrí, á ní, "Wáìnì ni o. Ẹ sì ti kọ́kọ́ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó gbé e wá fún mi." Ojú á ti oníbàárà, á sanwó, á sì tún padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Yàrá méjì ló háyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ti iwájú ni ẹ̀rọ ìfọṣọ wà, àti tábìlì tó fi ń lọ aṣọ. Ti ẹ̀yìn ni òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ń sùn. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti ìgbà tí ọmọ náà ṣì ń rákòrò.

Ọmọ náà ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí. Ìjì ni wọ́n ń pè é nílé ẹ̀kọ́, nítorí bó ṣe máa ń gbé bọ́ọ̀lù sá kọjá lára àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọn ò sì ní mọ ibi tó gbà. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé ìyá rẹ̀ gan-an, àfi bí inú bá bí i nìkan ló ń rántí orúkọ tó sọ ọ́. Ilé ẹ̀kọ́ eré ìdárayá kan sì wà tí wọ́n máa ń wá ṣa àwọn ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá lọ́dọọdún. Ẹni tí wọ́n bá mú, wọn á gbà á sọ́dọ̀, wọn á kọ́ ọ níwèé, wọn á sì máa bọ́ ọ títí tó fi máa jáde. Kóòṣì ti ní bó bá jẹ́ ẹnì kan péré ni wọ́n máa mú lọ́dún yìí, Ìjì ni. Láti ọjọ́ tí alágbàfọ̀ ti gbọ́ ìyẹn ló ti ń kọrin tó bá ń lọ aṣọ. Ẹ má dá a lẹ́bi. Ẹni tí ọṣẹ ti jẹ lọ́wọ́ kò ní fẹ́ kí ọmọ òun jogún ọṣẹ.

Kò pẹ́ sí àkókò tí àwọn tó ń ṣa ọmọ máa dé ni Ìjì fò sókè láti fi orí gba bọ́ọ̀lù, ó sì fi ẹsẹ̀ ọ̀tún balẹ̀ sódì. Orúnkún rẹ̀ wú, kò ṣeé ká. Ìyá sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tẹ orúnkún náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní iṣan inú rẹ̀ ti ya díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì já. Ó ní kí ó sinmi dáadáa, kí ó má sún mọ́ bọ́ọ̀lù rárá títí òun á fi tún un yẹ̀ wò. Ó kọ oògùn fún un, hóró funfun, láàárọ̀ àti lálẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ. "Mà, ẹ rí i pé ó ń lo oògùn rẹ̀ o," ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó sọ. Nínú gbogbo ohun tí dókítà wí, ti oògùn ló wọ ìyá létí jù. Oògùn ṣeé fọwọ́ dì mú, ó ṣeé kà. Ìsinmi ni èèyàn kì í rí dì mú, pàápàá bí ọjọ́ bá ti ń sún mọ́lé.

Láti ìgbà náà ni ìkíni ilé wọn ti yí padà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ìyá á ké láti ìdí ẹ̀rọ ìfọṣọ:

"Ìjì, ṣé o ti lo oògùn rẹ?"

"Mo ti lò ó, mà."

"Ó káre."

Nígbà tó ṣe díẹ̀, Ìjì wálé, ó ní òun ti padà lọ rí dókítà, ó sì ti ní òun lè máa sáré. Ìyá kò bá a lọ. Aṣọ ibùsùn ilé ìtura kan ló wà nílẹ̀ ní òkìtì-òkìtì lọ́jọ́ náà, àwọn tó ni ín sì ti ń pè léraléra. Ṣùgbọ́n ó bá a yọ̀. Ó fi ọwọ́ tó tutù fún omi dì mọ́ ọn lọ́rùn, ó ní Ọlọ́run kò ní dójú ti àwọn. Ìjì rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni kò débi tí dókítà wà rárá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kóòṣì gbé àpò aṣọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wá fún fífọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ọkùnrin gíga kan ni, tó bá wà lórí pápá, ohùn rẹ̀ á máa ta gbogbo àdúgbò jí. Bó bá bọ́ sílé onílé, àfi kẹ́ ẹ na etí kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ.

"Ìyá Ìjì, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Kóòṣì! Ẹ káàbọ̀. Ẹ má sọ fún mi pé ẹrẹ̀ lẹ tún gbé wá."

"Ẹrẹ̀ ni o, mà. Àwọn ọmọ yín ò mọ̀ ju kí wọ́n máa yí nínú ẹ̀ lọ."

"Bí wọ́n bá ń yí, tí wọ́n sì ń jáwé olúborí, mo gbà. Àwọn tó ń yí tí wọ́n tún ń pàdánù ni kẹ́ ẹ máa kó lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀ mìíràn."

Kóòṣì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó ń fi okùn àpò náà wé ìka, ó ń tú u, ó tún ń wé e.

"Mà, ọ̀rọ̀ kan ń bẹ. Kò sì rọrùn fún mi láti sọ."

"Ẹ sọ ọ́, kò sí àjèjì níbí."

"Ọmọ yín ń lo oògùn."

Alágbàfọ̀ mí kanlẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Áà, kóòṣì! Ẹ já mi láyà. Mo rò pé kí ni? Ìyẹn ni mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ta ni ì bá mọ̀ bí kì í bá ṣe èmi? Èmi tí mò ń pariwo ẹ̀ sí i létí láàárọ̀ lálẹ́. Bí kò bá lò ó, ṣé ó lè sáré ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fojú sí i lọ́hùn-ún kó má fo ìkankan."

Kóòṣì tún wé okùn náà mọ́ ìka. "Mà, ṣé... ṣé kò ní ṣe é ní jàǹbá?"

"Jàǹbá bíi ti báwo? Oore ló ń ṣe é. Àbí ẹ ò rí bó ṣe ń sáré ni? Ẹ jẹ́ kó wọlé síbi tá à ń lọ ná. Tó bá dé ibẹ̀, á sinmi."

Kóòṣì wo ilẹ̀, ó wo aṣọ tó ń rọ̀ lórí okùn, ó wo ibi gbogbo yàtọ̀ sí ojú obìnrin náà. "Ó dáa, mà," ló wí níkẹyìn. "Ẹ̀yin lẹ ni ọmọ." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tí wọn ò sọ ni irú odidi tó máa dà. Ohun tí kóòṣì rí ni pé Ìjì àti ọmọbìnrin kan dúró sẹ́yìn ilé tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, wọ́n ń gbé hóró pupa kan mì láìmu omi, hóró tí kò ti ọwọ́ dókítà kankan wá. Bó bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ta ni kò ní yé? Ṣùgbọ́n ojú ń ti ọkùnrin náà láti dárúkọ nǹkan. Ó sọ àbọ̀, ìyá fi hóró funfun ti dókítà parí rẹ̀, ó sì fi inú kan dá a lóhùn. Èmi ò ní tìtorí ìyẹn dá kóòṣì láre o. Òun náà fẹ́ kí Ìjì gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ tí àwọn tó ń ṣa ọmọ máa dé, ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ìdáhùn kì í sì í bèèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Ìjì ń yí padà. Ara ń yún un, á máa họ imú, á máa họ ọrùn títí tó fi máa pọ́n. Oúnjẹ tó máa ń gbá tuuru tẹ́lẹ̀, á fọwọ́ tì í. Nígbà mìíràn á sùn lọ lórí àga tí ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí wọ́n bá sì jí i, á fi ìbínú dáhùn bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Ìyá ń wò ó. Ó ní ọmọ tó ń dàgbà ni, ó ní eré bọ́ọ̀lù ló ń rẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀ kò kọrin mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ nídìí aṣọ tó ń lọ̀, kò sì lè sọ ìdí rẹ̀.

Òfin kan wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀: kí aṣọ tó wọ omi, ọwọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ àpò. Ohun tí ọwọ́ bá bá níbẹ̀, kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó ni ín, kí wọ́n má bèèrè nǹkan kan. Ó ti rí eyín àtọwọ́dá nínú àpò rí. Ó ti rí lẹ́tà ìfẹ́ tí baálé ilé kan kọ sí ẹni tí kì í ṣe ìyàwó rẹ̀. Ó dá gbogbo rẹ̀ padà, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn èèyàn fi fọkàn tán an ju ọ̀pọ̀ àlùfáà lọ.

Bó ṣe ti ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò péńpé tí Ìjì fi ń gbá bọ́ọ̀lù nìyẹn, tó bá náílọ́ọ̀nù kékeré kan níbẹ̀. Hóró pupa ló wà nínú rẹ̀. Ó gbé e sún mọ́ fèrèsé. Obìnrin tó lè fi ojú lásán ya oríṣiríṣi funfun sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn, ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kò mọ ìyàtọ̀ láàárín pupa àti funfun. Ó mọ̀ ọ́n. Àyà rẹ̀ là gààràgà. Ó dúró síbẹ̀, ẹ̀rọ ń kùn lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ fún ara rẹ̀ pé dókítà ti pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ọmọ padà lọ, pé wọ́n ti fún un ní èyí tó le ju ti àkọ́kọ́. Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ara rẹ̀ fúyẹ́, nítorí ohun tó fẹ́ gbọ́ gan-an ló sọ. Ó gbé náílọ́ọ̀nù náà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí ọmọ rẹ̀. Ó tún bu omi sínú ife, ó gbé e tì í.

Nígbà tí Ìjì dé, ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ó jáde wá, ó fara ti ilẹ̀kùn, ó ń wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè síwájú adájọ́.

"Mo bá oògùn rẹ lápò," ni ìyá wí láìgbójú sókè kúrò lára aṣọ tó ń lọ̀. "Má máa fi sápò mọ́. Omi á bà á jẹ́."

Nígbà tí ìyá wo ojú rẹ̀, omijé ló bá níbẹ̀. "Ẹ ṣé, mà," ni ọmọ náà wí. Ìyá ní kí ó lọ sùn, ó ní àárẹ̀ ló ń ṣe é.

Ọjọ́ tí wọ́n ti ń retí dé. Alágbàfọ̀ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ohun tí kì í ṣe lọ́jọ́ iṣẹ́, ó jókòó sí ìlà iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Àwọn àlejò tó wá ṣa ọmọ jókòó lábẹ́ ìbòji lọ́hùn-ún. Ìjì ṣe bí orúkọ rẹ̀. Ó gbé bọ́ọ̀lù kọjá lára ẹnì kan, ó gbé e kọjá lára ẹlòmíràn, àwọn èèyàn ń ké orúkọ rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń ké jù wọ́n lọ. Nígbà náà ni ọmọbìnrin sìgbọnlẹ̀ kan já lù ú láti ẹ̀gbẹ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Ìjì wà nílẹ̀, kò rí i gbé. Àwọn tó wà nítòsí ní àwọn gbọ́ ìró rẹ̀ bí ìgbà tí igi gbígbẹ bá ṣẹ́.

Ìjì ṣubú. Ó dìde. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Gbogbo pápá pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n ní akin ọmọ ni. Ìyá rẹ̀ nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ kò pàdé. Ó ń wo ẹsẹ̀ náà. Ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ ń yà síta láti orúnkún, síbi tí Ọlọ́run kò dá orúnkún láti yà sí. Ìjì sì ń rẹ́rìn-ín. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ilé náà ló ń wó lójú ìyá yìí, ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò sì mọ̀.

Kò mọ ìgbà tó bọ́ sórí pápá. "Ìjì! Dúró! Mo ní kí o dúró!" Orúkọ tó sọ ọmọ náà gan-an ló fi ń pè é lẹ́yìn ìyẹn, bó ṣe ń sáré bọ̀.

"Kò dùn mí, Màmi!" Ọmọ náà yíjú sí i, ojú rẹ̀ ń tàn. "Ẹ wò ó, kò dùn mí rárá!"

Ó jókòó sórí koríko bí ẹni tó fẹ́ tún okùn bàtà dè. Orí rẹ̀ ń tẹ̀. Ètè rẹ̀ ń dúdú, èémí rẹ̀ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń jìnnà síra. Lọ́jọ́ náà, kí ẹ̀rù má bàa bà á, ó ti lò ju bó ṣe máa ń lò lọ. Kóòṣì gbé e, ìyá di ẹsẹ̀ náà mú kó má máa mì, wọ́n sáré lọ bá ọkọ̀.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ti ń tú apá aṣọ rẹ̀ kó tó dórí bẹ́ẹ̀dì. "Mà, oògùn wo ló lò?"

"Èyí tẹ́ ẹ fún un níbí náà ni."

"Èyí tá a fún un kì í ṣe èèyàn báyìí. Ó sì ti yẹ kó tán tipẹ́."

"Ẹ tún fún un ní òmíràn. Pupa."

"A ò fún un ní pupa kankan. Ọmọ yìí ò padà wá síbí mọ́."

Kóòṣì ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. "Mo rí pupa náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sì sọ fún ìyá ẹ̀. Wọ́n ní àwọn mọ̀."

"Kí lẹ sọ fún mi?"

"Mo ní ó ń lo oògùn!"

"Oògùn ara rẹ̀ ni mo gbọ́! Oògùn orúnkún!"

"Ìyá Ìjì, torí oògùn orúnkún ni mo ṣe máa wá dúró síwájú yín, tí ẹnu mi á máa gbọ̀n?"

"Ẹ̀yin méjèèjì," ni nọ́ọ̀sì wí, "ṣé ẹ fẹ́ jà tán kó tó di pé ẹ sọ orúkọ oògùn náà fún mi, àbí kí ọmọ kú ná?"

Kóòṣì dárúkọ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, tó ti yẹ kó jáde tipẹ́. Wọ́n gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́, wọ́n fi nǹkan bò ó nímú, wọ́n ti ìyá rẹ̀ síta. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń sunkún láìbo ojú.

Ọmọ náà kò kú. Dókítà jáde wá sọ ọ́. Ó ní abẹ́rẹ́ ti lé oògùn náà kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣan tó ya díẹ̀ lọ́jọ́sí ti já pátápátá, ohun tó kù nínú orúnkún sì ti fọ́ nígbà tó ń fi sáré. Wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un, á sì rìn, ṣùgbọ́n ti bọ́ọ̀lù ti parí. Ó tún ní ìrora tí oògùn náà ti ń bò mọ́lẹ̀ máa yọjú, ara rẹ̀ á sì máa tọrọ oògùn náà bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ó ní àwọn á máa fún un ní ìwọ̀nba ohun tó lè gbà. Kí ẹnikẹ́ni má fún un ní nǹkan mìíràn, bó ti wù kó bẹ̀ tó.

Ìjì lajú bí oòrùn ṣe ń kúrò lára fèrèsé.

"Màmi, ṣé ẹ ń bínú?"

"Ta ló fún ẹ ní nǹkan yẹn?"

"Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa. Nígbà tí ti dókítà tán, tí ẹsẹ̀ ò sì yé dùn mí."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Ìjì wò ó, ó yà á lẹ́nu. "Ẹ kúkú mọ̀."

"Èmi?"

"Ojoojúmọ́ lẹ ń bi mí bóyá mo ti lò ó. Ẹ kó o síbi ìrọ̀rí mi, ẹ bu omi tì í." Ohùn rẹ̀ kò le, kò bínú. "Mo ti fẹ́ dà á nù lọ́jọ́ yẹn, Màmi. Mo ní tẹ́ ẹ bá ti lè pariwo mọ́ mi, màá dà á nù. Ẹ wá ní kí n má jẹ́ kí omi bà á jẹ́."

Ìyá rẹ̀ fẹ́ sọ pé kì í ṣe ohun tí òun ní lọ́kàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó rántí fèrèsé náà àti bí àyà rẹ̀ ṣe là, kò sì lè sọ ọ́.

Kò pẹ́ tí ìrora fi dé. Ojú ọmọ náà yí padà, òógùn bò ó, ó gbá aṣọ ìbora mú.

"Ó ku díẹ̀ nínú bàtà mi. Ẹ bá mi mú un."

"Rárá."

"Ọ̀kan péré. Màmi, ẹ jọ̀ọ́."

"Rárá, ọmọ mi."

"Nígbà tí mò ń sáré, ẹ ò sọ pé rárá."

Alágbàfọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó fa bàtà náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé e lọ fún nọ́ọ̀sì bó ṣe rí, ó sì padà wá jókòó. Ìjì ti kọjú sí ògiri. Ìyá na ọwọ́ sí i, ọmọ náà gbá a mú, ó sì tẹ èékánná bọ̀ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Kò fa ọwọ́ náà kúrò. Ọmọ tún bẹ̀ ẹ́. Ó tún ní rárá.